Baden-Powell, Ẹni tó Dá Ẹgbẹ́ Síkáótù Sílẹ̀

1. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ni a ó kà lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni Robert Baden-Powell. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ti kú láti ọdún 1941, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ kò kú. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ Síkáótù sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Aṣọ kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn a sì so aṣọ kékeré mọ́ ọrùn. Ẹgbẹ́ yìí ti wà ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1932, nígbà tí a ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Dàhómì, tí àwọn Faransé sì ń ṣe àkóso rẹ̀. Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ ti ilẹ̀ wa wọ inú ẹgbẹ́ Síkáótù gbogbo àgbáyé. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1915 ni ó ti wà.

Kí ló kàn wá nínú ìtàn yìí? Ọjọ́ kan lè dé tí ọmọ yín yóò mú ìwé kan bọ̀ wá sílé. Ìwé náà yóò sọ pé àwọn ọmọ láti ìlú púpọ̀ fẹ́ pàdé, kí wọ́n pàgọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Wọn yóò ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, bí ó ti ṣètò rẹ̀, àti ohun tí òbí gbọ́dọ̀ béèrè.

2. Ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Baden-Powell, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1857. Àlùfáà àti olùkọ́ àgbà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tí bàbá náà kú, ní ọdún 1860. Ìyá rẹ̀, Henrietta, ni ó kù pẹ̀lú ọmọ púpọ̀ láti tọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti dá tọ́ ọmọ rí mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Obìnrin náà ṣe akin. Ó rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Ilé-ìwé tí Baden-Powell lọ ní igbó kékeré kan lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kò gbà kí ọmọ kankan wọ igbó náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí a máa yọ́ wọ ibẹ̀. A máa dẹ pańpẹ́ mú ehoro, a sì dáná sun ún. Ó kọ́ láti dá iná tí kì í rú èéfín, kí olùkọ́ má bàa rí i. Ó kọ́ bí a ti ń rìn láìdún, bí a ti ń wo ipasẹ̀ ẹran, àti bí a ti ń fara pamọ́ sórí igi. Kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí òun ń fi ṣeré nínú igbó ni òun yóò fi kọ́ ọmọ gbogbo ayé.

3. Ó di ológun

Ní ọdún 1876, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Índíà. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù lọ ni iṣẹ́ alamí. Alamí ni ẹni tí í ṣáájú ogun lọ wo ọ̀nà, tí í wo ibi tí ọ̀tá wà, tí í sì padà wá jíṣẹ́. Ìtumọ̀ Síkáótù gan-an nìyẹn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ará Kétu. Ìtàn àwọn baba wa sọ pé ọdẹ ni ó ṣáájú àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ọdẹ ni ó mọ igbó, òun ni ó mọ ibi tí omi wà. Alamí tiwa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ nípa ọkùnrin yìí. Ogun tí ó jà, ogun gbígba ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1895, wọ́n rán an wá sí ilẹ̀ Àṣáńtì, tó wà ní Gánà òde òní. Òun ni ó darí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń la ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣe afárá, tí wọ́n sì ń ṣamí níwájú ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, ogun náà wọ Kùmásí. Wọ́n mú Ọba Prempeh, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn. Ọdún 1924 ni ọba náà tó padà sí ìlú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tí ó jẹ́ kí ogun kó ìlú. Ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1886, ni ogun Dàhómì kó Kétu. Nítorí náà ẹ lè mọ bí ọkàn àwọn ará Kùmásí ti rí.

Ní ọdún 1896 kan náà, ó lọ sí ogun mìíràn ní ilẹ̀ Matabele, tó wà ní Zimbabwe òde òní. Níbẹ̀ ó pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn pa ìjòyè kan tí wọ́n mú, orúkọ rẹ̀ ni Uwini. Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fìyà jẹ ẹ́.

Kò yẹ kí á fi èyí pamọ́. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ènìyàn ńlá gbọ́dọ̀ ka ojú ewé dúdú àti ojú ewé funfun.

4. Ìlú Mafeking

Ní ọdún 1899, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà. Baden-Powell ni olórí ogun ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Mafeking. Àwọn Boer yí ìlú náà ká láti oṣù kẹwàá ọdún 1899. Wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Igba ọjọ́ ó lé mẹ́tàdínlógún, èyí ni 217, ni ìlú náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1900 ni ìrànlọ́wọ́ dé.

Ní Mafeking, wọ́n kó àwọn ọmọdékùnrin jọ láti máa jíṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ń gbé lẹ́tà láti ibì kan dé ibì kejì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gùn. Nígbà tí ó yá, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìgboyà. Baden-Powell rí i pé bí a bá fi iṣẹ́ gidi lé ọmọdé lọ́wọ́, tí a sì fọkàn tán an, yóò ṣe é. Èrò yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ìlú náà pẹ̀lú. Àwọn Barolong gbé ìbọn, wọ́n sì bá wọn gbèjà ìlú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n pín fún aláwọ̀ dúdú kéré sí ti òyìnbó, ebi sì pa púpọ̀ nínú wọn kú. Nígbà tí Baden-Powell padà sílé, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yìn ín. Wọ́n gbàgbé àwọn tí ebi pa.

5. Ibùdó àkọ́kọ́

Nígbà tí ó délé, ó rí ohun kan tó yà á lẹ́nu. Ó ti kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ológun nípa iṣẹ́ alamí, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1899. Àwọn olùkọ́ ń fi kọ́ ọmọdé, àwọn ọmọdé sì ń fi ṣeré. Ó wá rò ó pé, bí ọmọdé bá fẹ́ràn ohun tó wà nínú ìwé ológun tó báyìí, ó yẹ kí òun kọ èyí tí kò ní ogun nínú fún wọn.

Ṣùgbọ́n kò kọ ìwé náà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ó kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù kan tí ń jẹ́ Brownsea. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti ṣètò rẹ̀, nítorí inú ètò náà ni ẹ̀kọ́ wà.

Èkíní, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀.

Èkejì, ó kọ lẹ́tà sí àwọn òbí ṣáájú. Ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀kẹta, ó da ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, irú wọn kì í jẹun pọ̀. Àwọn ọmọ olówó san pọ́n-ùn kan, èyí ni ogún ṣílè. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ san ṣílè mẹ́ta àbọ̀. Àgọ́ kan náà ni wọ́n sùn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ.

Ẹ̀kẹrin, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹran tàbí ẹyẹ. Ọ̀wọ́ kan ń jẹ́ Ìkookò, òmíràn ń jẹ́ Akọ Màlúù. Ọmọ kan nínú wọn ni olórí ọ̀wọ́. Baden-Powell kì í bá gbogbo ọmọ wí lẹ́ẹ̀kan. Olórí ọ̀wọ́ ni í bá sọ̀rọ̀, olórí ọ̀wọ́ a sì darí àwọn tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, gbogbo wákàtí ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń jí ní kùtùkùtù. Wọ́n ń ṣe eré ìdárayá, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́, wọ́n sì ń sinmi ní ọ̀sán. Ní alẹ́, wọ́n ń jókòó yí iná ká, kí wọ́n gbọ́ ìtàn. Ẹ̀yin náà rí i pé àlọ́ lábẹ́ òṣùpá kò jìnnà sí èyí.

Lóru, ọ̀wọ́ kan a gba ìyẹ̀fun, ẹran, ànàmọ́ àti tíì. Wọn a lọ dá sùn níbòmíràn, wọn a sì se oúnjẹ tiwọn. Báyìí ni ọmọ kọ́ láti tọ́jú ara rẹ̀.

6. Ẹgbẹ́ náà gbòòrò

Nígbà tí ìdánwò náà yọrí sí rere, ó kọ ìwé fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1908. Ìwé náà jáde ní apá mẹ́fà, kí ọmọ tí kò lówó lè máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ó tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Àwọn ọmọ ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn kí àgbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ọdún 1909, ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọbìnrin kan wá síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé tì sẹ́yìn. Ní ọdún 1910, Baden-Powell àti Agnes, arábìnrin rẹ̀, dá ẹgbẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, kí ó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ ọmọdé. Ní ọdún 1912, ó fẹ́ Olave Soames. Ọjọ́ kan náà nínú oṣù ni a bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọkọ fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ju ìyàwó lọ. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta.

Ní ọdún 1919, ẹgbẹ́ náà gba ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Gilwell. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà tí yóò máa darí ọmọdé. Baden-Powell mọ̀ pé inú rere nìkan kò tó. Ẹni tí a óò fi ọmọ lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà.

7. Jámbórì

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí ní ọdún 1918. Ogun náà pa ọ̀dọ́ púpọ̀. Baden-Powell, tí ó ti jẹ́ jagunjagun, wá ń ronú bí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ yóò ṣe di ọ̀rẹ́, kí wọ́n má bàa tún pa ara wọn. Ní ọdún 1920, ó pe gbogbo ẹgbẹ́ Síkáótù jọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó pe ìpàdé náà ní Jámbórì. Ọmọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni ó wá, láti orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ olórí gbogbo Síkáótù àgbáyé.

Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ṣe Jámbórì. Ti ọdún 1929 tóbi gidigidi. Àwọn ọmọ tó wá ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lọ. Òjò rọ̀, ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ń rì. Síbẹ̀ ibùdó náà kò tú. Kí ló fà á? Ọ̀wọ́ kéékèèké ni. Ẹgbẹ̀rún ọmọ kò ṣeé mójú tó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́jọ ṣeé mójú tó. Bí olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá mọ ibi tí àwọn tirẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni kò ní sọnù.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023. Wọ́n ṣe Jámbórì ní Kòríà Gúúsù. Àwọn tó wá ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lọ. Orí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ òkun ni wọ́n pàgọ́ sí, kò sì sí igi tí yóò ṣíji bo àwọn ọmọ. Oòrùn mú gan-an. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó ṣàìsàn. Ilé ìgbẹ́ kò mọ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn náà ni ìjì líle ń bọ̀, wọ́n sì kó gbogbo ọmọ kúrò. Owó wà, ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ kò tó. Ilẹ̀ tí a yàn àti ìgbà tí a yàn lè ba ohun gbogbo jẹ́.

8. Ìkẹ́yìn rẹ̀

Ní ọdún 1937, Baden-Powell lọ sí Jámbórì ní ilẹ̀ Netherlands. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ó dágbére fún àwọn ọmọ náà, nítorí ó mọ̀ pé òun kò ní tún rí wọn mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ gbé ní Nyeri, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ibẹ̀ ni ó kú sí, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1941. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Lórí òkúta ibojì rẹ̀, wọ́n ya òbìrí kan pẹ̀lú àmì kékeré láàrin rẹ̀. Bí alamí bá ya àmì yìí sójú ọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti padà sílé.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti jagun, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì sùn sí. Títí di ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ṣe Jámbórì àgbáyé, kò sì tíì sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Áfíríkà ti gba ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Ọbẹ̀ tó dùn, a kì í kọ̀ ọ́ nítorí àléébù ẹni tó sè é. Ṣùgbọ́n a ó yọ egungun inú rẹ̀ kí á tó gbé e mì.

9. Bí ó bá jẹ́ lórí òkè Kétu ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á rò ó pé wọ́n fẹ́ kó ọ̀ọ́dúnrún ọmọ jọ láti Kétu, Pobẹ̀ àti Sákété, fún ọjọ́ márùn-ún. Kí ni ẹ̀yin òbí yóò béèrè?

Ẹ béèrè omi. Ẹ mọ̀ pé omi jìn nínú ilẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Bí ọmọ kan bá lo garawa méjì lójúmọ́, ọ̀ọ́dúnrún ọmọ yóò lo ẹgbẹ̀ta garawa lójúmọ́. Ní ọjọ́ márùn-ún, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta garawa. Níbo ni wọn yóò ti rí i? Ta ni yóò gbé e wá?

Ẹ béèrè ìgbà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gba omi dúró? Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, òtútù ń mú lóru, koríko gbígbẹ sì ń tètè gbiná. Ṣé wọ́n ti ro àyíká ibùdó?

Ẹ béèrè ṣáláńgá. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga àti sí ibi ìdáná. Ti ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọkùnrin.

Ẹ béèrè àwọn àgbà tí yóò wà níbẹ̀. Kí ni orúkọ wọn? Ta ni ó mọ ìwà wọn? Ṣé wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà? Kò yẹ kí àgbà kan ṣoṣo wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tó pamọ́.

Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibẹ̀, àti ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ bí àìsàn bá dé lóru.

Ní ìparí, ẹ ka ìwé náà. Bí ibì kan kò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè. Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ lọ. Yóò kọ́ láti sùn níta, láti se oúnjẹ, láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Yóò padà wá ní ọ̀rẹ́ ní ìlú tí kò dé rí.

Ìbéèrè

1. Ọdún wo ni wọ́n bí Baden-Powell? Ọdún wo ni ó kú?
2. Kí ni iṣẹ́ alamí?
3. Kí ni ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí Ọba Prempeh?
4. Àwọn ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ kò san iye kan náà ní Brownsea. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
5. Bí a bá pín ọ̀ọ́dúnrún ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀wọ́ mélòó ni yóò jẹ́?
6. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ó bi ẹni tó fẹ́ kó ọmọ yín lọ sí ibùdó.